Síìtì tó ń gbóná nínú ọkọ̀ tí kò bá a wá: kúṣìnì, kíìtì, àbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ síìtì?

Èkó ni mo ti kọ́kọ́ jókòó sórí síìtì tó ń gbóná o, kì í ṣe Chicago. Àǹkù mi kan ra Camry tòkunbọ̀, onílẹ́dà, a wà nínú gósílóò ní Ìkòròdú Road lọ́sàn-án gangan, ni mo bá rí i pé ìdí mi ń gbóná, ẹ̀yìn mi náà ń gbóná, mo ní "Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ páàkì, ẹ́ńjìnnì yìí ti gbóná jù." A páàkì, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi pé nínú rádíétọ̀, ọ́ìlì pé, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ọ̀gá rìwáyà kan ní Mushin ló wá fi wá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí bọ́tìnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ó ní òyìnbó tó ni ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, òtútù ló ń bá a jà. Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì lọ́wọ́ Àǹkù, ó sì gé wáyà ẹ̀ dànù.

Kò ju ọdún mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ lọ, èmi náà ni mo wà ní Chicago tí mò ń wá bọ́tìnì yẹn bí ẹni ń wá owó ilé tó bọ́ nù. Corolla 2015 ni mo ra, síìtì aṣọ, kò ní nǹkan kan, iṣẹ́ alẹ́ sì ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, aago méje àárọ̀ ni mo máa ń jáde. Ẹni tó bá wà níbí ní January 30, 2019 á rántí, -23°F ni, ìyẹn -31°C, kí atẹ́gùn tó dá tiẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá jókòó sórí síìtì tó sun ìta mọ́jú nínú irú òtútù yẹn, ìdí yín ló máa kọ́kọ́ dìde padà kí ọpọlọ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan á ní ṣebí híítà wà. Híítà ọkọ̀, omi ẹ́ńjìnnì ló ń lò, omi yẹn gbọ́dọ̀ gbóná ná kó tó lè fẹ́ nǹkan gidi jáde, tí òtútù bá sì mú dáadáa ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilé mi síbi iṣẹ́ ò sì ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ, ìgbà tí híítà bá fi máa dáhùn mo ti ń páàkì. Síìtì ò dúró de ẹ́ńjìnnì, iná ló ń lò, ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta ẹ ti mọ̀ ọ́n lára. Iná ọ̀hún ò sì pọ̀ rárá, síìtì kan ń jẹ nǹkan bí 50 wátì, áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ fi ń lọ aṣọ ń jẹ 1,000 wátì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé áyọ́ọ̀nù kan tó síìtì ogún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ oníná gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀ jù, torí híítà tiyín lè máa jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wátì nínú bátìrì tẹ́ ẹ fẹ́ fi délé.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà tí ọkọ̀ yín ò bá bá a wá. Mo ti lo méjì, ìkẹta mo bá ọ̀rẹ́ mi ṣe é, ìkẹrin, owó ẹ̀ ni ò jẹ́ kí n débẹ̀.

Kúṣìnì tí wọ́n ń tẹ́ lé síìtì

Èyí ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń rà, 25 dọ́là sí 60, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ so rọ́bà ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn síìtì, ẹ ki ẹnu ẹ̀ bọ ihò sìgá láítà, ó parí. Ó dáa fún ẹni tó yá ọkọ̀ lò, ẹni tó ń lo ọkọ̀ ilé iṣẹ́, ẹni tó mọ̀ pé òun máa tà á kí ọdún tó parí. Tẹ́ ẹ bá sì ń fi ọkọ̀ tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì ṣe Uber, ẹ má wulẹ̀ kà débi tó kù, òun ni kẹ́ ẹ rà.

Àbùkù ẹ̀ pọ̀ ṣáà. Ó máa ń yọ̀, tẹ́ ẹ bá fi kóòtù nípọnnípọn wọlé ó ti ká jọ sábẹ́ yín, ẹ̀ẹ́ máa fi ìdí tò ó lójú ọ̀nà. Wáyà ẹ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Ihò tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣájì fóònù ti lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ọkọ̀ kan wà tí ihò yẹn kì í kú tẹ́ ẹ bá pa ọkọ̀. Ọkọ̀ tí mò ń lò ṣáájú Corolla bẹ́ẹ̀ ló rí, mi ò mọ̀, mo fi kúṣìnì sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan tí mo lọ síṣẹ́, ó ń jẹ nǹkan bíi ámpù mẹ́rin fún wákàtí mẹ́jọ, bátìrì tí òtútù ti gba nǹkan bí ìdajì agbára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo jáde láàárọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó kàn ṣe tẹ́ẹ́-tẹ́ẹ́-tẹ́ẹ́, ó dákẹ́. Mo dúró nínú sínóò fún ogójì ìṣẹ́jú, mò ń wá ẹni tó máa fún mi ní jọ́mpà. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ki ṣájà fóònù bọ ihò yẹn, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ wò ó bóyá iná ṣájà kú. Tí ò bá kú, ẹ wá kúṣìnì tó máa ń pa ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn àkókò díẹ̀.

Kíìtì tó ń wọ abẹ́ kọ́fà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Kíìtì jẹ́ páàdì méjì fún síìtì kan, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, pẹ̀lú súwíìsì, rìléè, fíúùsì àti wáyà tí wọ́n ti so pọ̀. Ẹ̀ẹ́ tú kọ́fà síìtì, ẹ lẹ páàdì mọ́ fóòmù, ẹ dá kọ́fà padà. Tó bá parí, bí èyí tó bá ọkọ̀ wá ló rí, kò sí wáyà níta, kò sí nǹkan tó ń yọ̀. Kíìtì síìtì méjì tí mo rí wà láàárín 60 dọ́là sí 150. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ bèèrè 300 fún síìtì kan, owó iṣẹ́ nìkan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì pe ọ̀rẹ́ mi.

Irú páàdì méjì ló wà, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí ò dáa fún yín. Oníwáyà, wáyà kan ṣoṣo ló ń yí kiri nínú ẹ̀ bí ejò, tó bá já níbì kan gbogbo ẹ̀ ti kú nìyẹn, tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀, kó fẹ́ẹ́ já, kí ojú ibẹ̀ nìkan máa gbóná ju gbogbo ibi yòókù lọ títí tó fi máa jó kọ́fà. Ohun tó sì ń já a ni kéèyàn máa kúnlẹ̀ lórí síìtì, bíi kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ lè na ọwọ́ sẹ́yìn de bẹ́líìtì ọmọ. Èkejì ni oní-carbon fibre, fọ́nrán tín-ín-rín púpọ̀ ló wà nínú ẹ̀, bàbà pẹlẹbẹ méjì ló ń gbé iná fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí díẹ̀ bá já àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú irú yìí ẹ lè gé e kúrú tó bá gùn jù síìtì yín, níbi tí ìwé ẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ gé nìkan, àmọ́ sísọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ kan bàbà yẹn. Èmi ò ní ra oníwáyà mọ́ láyé.

Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an, ọ̀sán Sátidé kan ló gbà wá. Síìtì Corolla, bóòtù mẹ́rin ló dì í mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí ike gígùn tí wọ́n fi há etí kọ́fà mọ́ abẹ́ irin, ẹ fọwọ́ fà á jáde, tẹ́ ẹ bá wá ń ṣí kọ́fà lọ, ẹ̀ẹ́ kan àwọn òrùka irin kéékèèké tó dì í mọ́ inú fóòmù, àwọn ló ń fún síìtì ní ojú ìlà tó rì wọnú yẹn. Púláyà la fi gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀pà, bíírò méjì, owó quarter mẹ́rin àti yẹtí ìyàwó mi tó ti fẹ̀sùn ẹ̀ kan ẹlòmíì la bá níbẹ̀. Páàdì ò gbọ́dọ̀ di ojú ihò ibi tí òrùka máa gbà padà, ẹ fi sílẹ̀ kó gba àárín. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá kọ́fà padà, òrùka tuntun ló dáa jù, a ò ní irin tí wọ́n fi ń dì í, cable tie la lò, ó dúró di òní, àmọ́ mo máa ń gbọ́ kín-ín tí mo bá yí ara. Kẹ́ ẹ sì fi wáyà sílẹ̀ kó gùn díẹ̀ lábẹ́ síìtì, torí síìtì ń lọ síwájú ó ń bọ̀ sẹ́yìn, èyí tẹ́ ẹ bá fà le á já lọ́jọ́ tí ẹni tó ga bá kọ́kọ́ wakọ̀ yín.

Ti iná, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni lọ so ó mọ́ wáyà rédíò. Síìtì méjì pọ̀ lè jẹ ámpù mẹ́jọ sí mẹ́wàá, fíúùsì rédíò ò ní gbà á. Wáyà tó nípọn ló yẹ kó ti ibi bátìrì tàbí àpótí fíúùsì wá pẹ̀lú fíúùsì tiẹ̀, kí rìléè wá dúró láàárín. Rìléè yẹn dà bíi géètìmáànù, wáyà tín-ín-rín kan láti ibi kọ́kọ́rọ́ ló ń sọ fún un pé ọ̀gá ti dé, ló bá ṣí géètì fún iná ńlá, tẹ́ ẹ bá pa ọkọ̀ á ti géètì. Bí wọ́n bá ṣe é báyìí, ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ bátìrì yẹn ò lè ṣe yín. Bí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ò bá lè sọ fíúùsì tó fẹ́ lò fún yín, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ.

Wọ́n á tún fi wọ́ráńtì dẹ́rù bà yín. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1975, Magnuson-Moss, ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín ò lè torí pé ẹ fi nǹkan síìtì kún un kó ní wọ́ráńtì ẹ́ńjìnnì ti tán, àyàfi tó bá fi hàn pé nǹkan yẹn ló ba ohun tó bàjẹ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ síìtì

Mo mọ̀ pé owó lẹ fẹ́ kí n sọ, àmọ́ èyí ló máa pinnu gbogbo ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìtì iwájú, lápá ibi ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní àkọlé kékeré kan tí wọ́n kọ AIRBAG sí. Airbag, àpò tó ń wú jáde lójijì láti gba èèyàn nígbà ìjàǹbá, wà nínú síìtì fúnra ẹ̀ nìyẹn, ojú rírán ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè ya lọ́jọ́ ìjàǹbá. Torí ẹ̀ ni kọ́fà tí wọ́n ń gbé wọ síìtì látòkè ò fi dáa níbẹ̀ tí wọn ò bá ṣe é fún airbag, torí ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni ò ṣe gbọdọ̀ fi òwú líle rán ibẹ̀ padà. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà airbag aláwọ̀ yẹ́lò tó wà lábẹ́ síìtì, ẹ tú ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì, ẹ dúró, àwa dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a fi jẹ míìtì-páì. Tẹ́ ẹ bá ti tú yẹ́lò yẹn, ẹ má ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rárá títí ẹ máa fi dá a padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná airbag á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ní kú bọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ́ sanwó fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń pa á.

Síìtì ti ẹni tó jókòó ti dírẹ́bà tún wá le jù. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe láti September 2006 gbọ́dọ̀ ní airbag tó gbọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló ní sẹ́ńsọ̀ nínú síìtì yẹn tó ń wọn bí ẹni tó jókòó ṣe wúwo tó, tó bá jẹ́ ọmọdé á pa airbag, iná PASSENGER AIR BAG OFF á tàn. Àwọn ọkọ̀ kan, àpò kan lábẹ́ fóòmù ni sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún, àwọn míì irin ẹsẹ̀ síìtì ni wọ́n fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ki páàdì, gọ́ọ̀mù àti wáyà sáàárín ìdí èèyàn àti sẹ́ńsọ̀ yìí, ó lè máa rò pé àgbàlagbà ni ọmọdé, tàbí kó pa airbag fún ìyá yín tó jókòó síbẹ̀. Kúṣìnì náà lè ṣe é! Ẹ ṣí ìwé ọkọ̀ yín, ẹ̀ẹ́ rí i pé wọ́n ní kẹ́ ẹ má gbé nǹkan lé síìtì yẹn. Ẹ̀yin ará London, tiyín yàtọ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yín kọ́kọ́rọ́ lẹ fi ń pa airbag yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, síbẹ̀ ẹ ka ìwé.

Torí náà, síìtì dírẹ́bà nìkan ni mo ṣe. Wọ́n ta kíìtì méjì fún mi, ọ̀kan ṣì wà nínú páálí ẹ̀ ní báàsìmẹ́ǹtì.

Síìtì láti ara ọkọ̀ tó ti kú

Ọ̀rẹ́ mi tí mo pè yẹn, ọ̀nà yìí ló gbà fún Camry tiẹ̀. Àwọn ibì kan wà níbí tó dà bíi Ládípọ̀ tí ò ní ariwo, ẹ san owó ìwọlé díẹ̀, ẹ gbé spánà yín dání, ẹ tú ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ lára ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì. Ó rí Camry ọdún kan náà, irú tó ga ju tiẹ̀ lọ, onílẹ́dà, síìtì tó ń gbóná, ó kó méjèèjì ní 180 dọ́là. Lójú, ó borí kíìtì: síìtì tí kọ́ńpìnnì fúnra ẹ̀ ṣe ni, wọ́n ti ṣètò sẹ́ńsọ̀ àti híítà pọ̀ nínú ẹ̀.

Wàhálà ẹ̀ ni pé síìtì dé, wáyà ò dé. Ó ki gbogbo ẹ̀ bọ ara wọn, airbag dáa, síìtì ń lọ ń bọ̀, híítà ò mọ nǹkan kan torí ọkọ̀ tiẹ̀ ò ní wáyà débẹ̀, kò ní bọ́tìnì. Ó padà lọ wá bọ́tìnì, ó fa wáyà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Wọ́n tún ní dandan kó lọ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tún sẹ́ńsọ̀ síìtì ẹ̀gbẹ́ ṣètò sí òdo, torí ó ti yí síìtì padà, kò mọ ìwọ̀n tuntun. Àpapọ̀ ẹ̀ ti sún mọ́ 400. Ẹ ṣọ́ra tún: ọkọ̀ tó kú yẹn, kí ló pa á? Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, airbag síìtì yẹn lè ti bẹ́, síìtì náà kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa rà.

Ìkẹrin ni kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ fún àwọn tó ń rán lẹ́dà, kí wọ́n pààrọ̀ kọ́fà pátápátá kí wọ́n fi híítà sí i. Ó rẹwà, ó ń wọ ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ, fún Corolla 2015 n kò rí ìdí ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó ra ọkọ̀ tó bá a wá ti bọ́ o. Ní 2022 BMW gbé e jáde ní Britain pé kẹ́ ẹ máa san nǹkan bíi pọ́n-ùn 15 lóṣooṣù kí síìtì tó ti wà nínú ọkọ̀ yín tó gbóná. Síìtì tẹ́ ẹ ti rà, ẹ tún ń san rẹ́ǹtì ẹ̀! Àwọn èèyàn bú wọn dáadáa, ní 2023 wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́.

Ẹni tí ò yẹ kó lò ó bó ṣe wù ú

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló jẹ́ kí n sọ èyí. Kò dìgbà tí nǹkan bá hó kó tó jó èèyàn, 44 sí 45°C tí kò bá kúrò lára fún wákàtí mélòó kan, awọ á jóná. Ara tó pé á ti yí padà kó tó débẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí ẹsẹ̀ tàbí ìdí ẹ̀ kú, tàbí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti ṣe, kò ní mọ̀, ìgbà tó bá bọ́ọ́lẹ̀ ni wọ́n máa rí i. Tẹ́ ẹ bá ń gbé màmá yín láti Chicago lọ sí Houston, ẹ pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ ra kíìtì tó ní ìwọ̀n tó ń lọ sílẹ̀ àti sẹ́ńsọ̀ ooru, kì í ṣe èyí tó kàn ní tan-án pa-á.

Tó bá wá di pé èwo ni kẹ́ ẹ mú: ọkọ̀ tí kì í ṣe tiyín, kúṣìnì lórí síìtì dírẹ́bà, kẹ́ ẹ máa yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ń jáde. Ọkọ̀ tiyín tẹ́ ẹ ṣì máa lò fún bí ọdún mẹ́ta, kíìtì oní-carbon, síìtì dírẹ́bà nìkan. Síìtì ọkọ̀ tó kú, àyàfi tí síìtì yín bá ti ya tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ sì ní ẹni tó mọ wáyà tí kò ní gba owó lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí mo parí tèmi, ìyàwó mi wọlé sọ́kọ̀, ó fọwọ́ kan síìtì tiẹ̀, ó fọwọ́ kan tèmi. Ó ní "Bàbá Tóbi, ó wá jẹ́ pé ìwọ nìkan ni òtútù ń mú nínú ilé yìí?" Mo ṣàlàyé sẹ́ńsọ̀ fún un, mo ṣàlàyé airbag, mo fi iwé ọkọ̀ hàn án. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun lòun máa wà wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìgbà náà ló ti ń wà wá lọ, èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan.